Pa Á Mọ́, Pa Á Rẹ́: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Yorùbá Lẹ́nu Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń bá ara wọn sọ ní Yorùbá lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ ni àyálò pọ̀ sí jù. Kóòdù, fáìlì, fóònù, bọ́tìnnì, íntánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà ti di ọmọ ilé. Èdè Yorùbá gbà wọ́n wọlé, ó sì tún wọn ṣe bó ṣe ń tún gbogbo àyálò ṣe: sílébù Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà ni kóòdù àti fáìlì fi ní fáwẹ́lì ní ìparí, sílébù tí Òyìnbó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló máa ń gba ohùn òkè, fáwẹ́lì tí a fi kún un á sì gba ohùn ìsàlẹ̀.

Orúkọ àpèjúwe náà wà. Ẹ̀rọ ayárabíàṣá àti ayélujára dùn létí nínú ìròyìn rédíò àti nínú àròkọ, wọ́n sì ní adùn oríkì. Ìlò èyí kò sọ ìlò ìyẹn di àṣìṣe. Ohun tí kò dára ni kí òǹkọ̀wé kan náà pe ohun kan ní kọ̀ǹpútà ní ìlà kìíní, kó pè é ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá ní ìlà kejì, kó wá pè é ní ẹ̀rọ lásán ní ìlà kẹta. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, orúkọ méjì túmọ̀ sí ohun méjì. Ẹni tó ń kà á yóò máa wá èkejì kiri.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò àyálò. Òun ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan, bó ṣe ṣe é àti ibi tó parí sí, Yorùbá sì ní èyí tó tó fún gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe sí fáìlì àti sí kóòdù. Kìkì pé kí a lò ó bó ṣe yẹ.

Kọ, kọ́, kọ̀

Ẹni tó ń kọ kóòdù wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó kọ̀ láti kọ ọ́ ti sọ pé òun kò ṣe. Ohùn nìkan ló ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ìdí nìyí tí ìwé ìkéde iṣẹ́ tí kò ní àmì ohùn fi lè da ẹni tó ń wá iṣẹ́ láàmú: ẹni tó ń kọ́ ni wọ́n ń wá ni, àbí ẹni tó ń kọ?

Òfin gírámà kan tún wà tó ń mú kí ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. “Kà á” ni a ń wí, ṣùgbọ́n “ka ìwé”. “Tì í” ni, ṣùgbọ́n “ti ilẹ̀kùn”. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀: “ó kọ̀ ọ́”, ṣùgbọ́n “ó kọ ọkọ”. Nítorí náà, “ọ̀gá kọ kóòdù Adé” ní ìtumọ̀ méjì, bí a tilẹ̀ fi gbogbo àmì sí i: ó lè jẹ́ pé ọ̀gá ló jókòó tó kọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé Adé kọ ọ́ tán, ọ̀gá wò ó, kò gbà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré ní ibi iṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ kóòdù wò kí wọ́n tó pa á pọ̀ mọ́ ti gbogbo ẹgbẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Gbólóhùn tó mọ́ ni “ọ̀gá kò gba kóòdù Adé”, tàbí “ọ̀gá dá kóòdù Adé padà”. Èkejì ló tọ́ jù bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí Adé tún un ṣe kó sì gbé e padà wá, nítorí pé ohun tí a dá padà ṣì lè tún wá, ohun tí a kò gbà lè máà wá mọ́.

Ìdílé pa

Ọ̀rọ̀-ìṣe pa, tó bá dá dúró, túmọ̀ sí kí a gba ẹ̀mí nǹkan tàbí kí a dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró: pa ewúrẹ́, pa iná, pa fóònù. Bí ẹ̀yà kejì bá ti tẹ̀ lé e, ìtumọ̀ á yí padà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe sí fáìlì ló wà nínú ìdílé kan ṣoṣo yìí. Pa á mọ́: tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò ti ní sọnù. Pa á dé: ti ohun tó wà ní ṣíṣí. Pa á rẹ́: mú un kúrò pátápátá. Pa wọ́n pọ̀: sọ méjì di ọ̀kan. Pa á dà: yí i sí ìrísí mìíràn, bí ènìyàn ṣe ń pa aṣọ dà. Pààrọ̀ rẹ̀: fi òmíràn sí ipò rẹ̀. Àní pàṣẹ pàápàá, tí í ṣe sísọ ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣe, pa àti àṣẹ ló para pọ̀ di í. Ẹni tó bá ní “pa fáìlì yìí mọ́ kí o tó pa á dé, má sì pa á rẹ́” ti pa àṣẹ mẹ́ta láìyá ọ̀rọ̀-ìṣe kankan.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí máa ń là sí méjì, àárín wọn sì ni ààyè àbọ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń wáyé. “Fáìlì náà parẹ́” kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: fáìlì náà ló pòórá fúnra rẹ̀. “Wọ́n pa fáìlì náà rẹ́” ń sọ pé ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Nínú ìjábọ̀ lórí ìṣòro tó ṣẹlẹ̀ sí ètò kan, ìyàtọ̀ méjèèjì tó ohun tí wọ́n lè fi ọ̀sẹ̀ kan wádìí. Ẹni tó bá sì kọ “Parẹ́” sára bọ́tìnnì, ẹni tó ń lo fóònù ló ń sọ fún pé kó pòórá. “Pa á rẹ́” ló yẹ kó wà níbẹ̀. Pamọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì tí a pa mọ́ ni èyí tí a tọ́jú. Fáìlì tó pamọ́ ni èyí tí ojú kò rí, irú èyí tí orúkọ rẹ̀ fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ lórí Linux, tí kì í hàn nínú àkójọ àyàfi bí a bá dìídì béèrè rẹ̀. A lè pa fáìlì mọ́ láìjẹ́ pé ó pamọ́.

Ó yẹ kí a tún ṣọ́ ohùn arọ́pò-orúkọ tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe. Lẹ́yìn ohùn òkè, ohùn àárín ló ń gbà: ṣí i, gbé e, rí i. Lẹ́yìn ohùn àárín tàbí ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè ló ń gbà: pa á, kà á, fà á.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Bọ́tìnnì lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe lásán, “Ṣí i” tàbí “Pa á dé”, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí i. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ ọjọ́ orí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún nọ́ńbà yín kọ” bá ọmọdé àti àgbà mu, “tún nọ́ńbà rẹ kọ” sì lè dà bí àfojúdi létí ẹni àádọ́rin ọdún.

Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń fà, ó gan

Kóòdù kì í “sáré” ní Yorùbá àyàfi bí a bá fẹ́ sọ pé ó yára. Ó ń ṣiṣẹ́ ni, tàbí kò ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá falẹ̀, wọ́n á ní ó ń fà. Bí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ bá dúró gbagidi, tí títẹ̀ kò ràn án mọ́, ó gan ni. Ẹni tó bá túmọ̀ “hang” ti Òyìnbó ní tààrà tó wá ní “ó so rọ̀” ti sọ ọ́ di aṣọ orí ìṣó. Bí ètò bá ṣàdédé kúrò lójú, tó sì ṣeé jí padà, a lè ní ó dákú. Bí bátìrì bá tán tí fóònù ṣókùnkùn, wọ́n á ní fóònù ti kú. Ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò: nẹ́tíwọ̀kì fún èyí tó ń fà, kóòdù fún èyí tó gan tàbí tó dákú, iná fún èyí tó kú.

Ìtọ́sọ́nà ìrìn náà hàn nínú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun tó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀ ni à ń gbà sórí fóònù. Ohun tó ń ti orí fóònù lọ ni à ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. “Gbà á sílẹ̀” kò bá èkíní mu, nítorí iṣẹ́ mìíràn ti wà lọ́rùn rẹ̀: ohùn tàbí orin ni à ń gbà sílẹ̀.

Kòkòrò, àṣìṣe, àléébù, ìkùnà

Kòkòrò ni Òyìnbó ń pe àléébù inú ètò. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ni ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti bá àfòpiná kan nínú ẹ̀rọ Mark II ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn, ìwé náà sì wà ní ilé-ìṣọ̀ǹbáyé ìtàn Amẹ́ríkà ní Washington títí di òní. Grace Hopper, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú iṣẹ́ ètò kíkọ, ló sọ ìtàn náà di mímọ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju àfòpiná yẹn lọ. Thomas Edison ti lò ó nínú lẹ́tà ní 1878 fún àbùkù kéékèèké tó máa ń yọjú nínú ẹ̀rọ tuntun.

Yorùbá lè gba àwòrán yìí láìsí wàhálà, nítorí pé ó ti ní irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀: kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ohun tó ń ba ètò jẹ́ láti inú ni àléébù kóòdù, ẹni tó kọ ọ́ ló sì fi í síbẹ̀ láìmọ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé èdè ìlera ti fi kòkòrò ṣe orúkọ ohun tó ń ti òde wọ ara, bí kòkòrò àrùn. Bí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé “kòkòrò wọ kọ̀ǹpútà báńkì”, ohun tí òǹkàwé yóò gbọ́ ni pé ọ̀tá ló rán nǹkan wọlé. Ó sàn kí a fi fáírọ́ọ̀sì pe èyí tó ti òde wá, kí a sì máa sọ “kòkòrò inú kóòdù” bí a bá fẹ́ lo àwòrán fún èyí tó wà nínú.

Nínú ìjábọ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà tí kò yẹ kí wọ́n máa gba ipò ara wọn. Àṣìṣe jẹ́ ti ènìyàn: ẹni tó ń kọ kóòdù fi àmì ìyọkúrò sí ibi tó yẹ kó fi àmì ìròpọ̀ sí. Àléébù jẹ́ ti ohun tó ṣe: àmì ìyọkúrò náà wà nínú kóòdù, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìkùnà ni ohun tí oníbàárà rí: ó fi owó kún àpò rẹ̀, owó tó wà nínú rẹ̀ dín dípò kó pọ̀ sí i. Àṣìṣe ló ń bí àléébù, àléébù sì lè bí ìkùnà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àléébù ló ń bímọ. Ẹni tó bá sọ pé “a ti tún àṣìṣe náà ṣe” kò tíì sọ bóyá kóòdù ni wọ́n tún ṣe tàbí owó oníbàárà.

Bí…bá, sì, tàbí

Àìmọye ìpinnu ló wà nínú ètò, gírámà ìpinnu sì ṣe déédéé ní Yorùbá. “Bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá pé ọdún 18, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé, jẹ́ kó wọlé; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dá a padà.” Bá kò ṣeé fò: “bí ọjọ́ orí rẹ̀ pé ọdún 18” kò tíì di ipò tí nǹkan dúró lé. Ohun mìíràn tó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni sì. Àti máa ń so ọ̀rọ̀-orúkọ pọ̀, kì í so gbólóhùn. “Ó ṣí fáìlì àti ó kà á” jẹ́ èdè Òyìnbó tó wọ aṣọ Yorùbá. “Ó ṣí fáìlì, ó sì kà á” ni Yorùbá, tàbí kí a kàn to ọ̀rọ̀-ìṣe léra, “ó ṣí fáìlì kà”.

Tàbí wà fún yíyàn, àbí wà fún ìbéèrè. “Orúkọ ni àbí nọ́ńbà?” dára. “Bí orúkọ àbí nọ́ńbà bá ṣófo” kò dára. Tàbí ló yẹ níbẹ̀. Fún iṣẹ́ tó ń yí po, níwọ̀n ìgbà tí àti títí ni kí a lò: “níwọ̀n ìgbà tí orúkọ bá ṣì kù, máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan”, “máa kà wọ́n títí wọn yóò fi tán”. Nínú èkíní, ìdánwò ṣáájú iṣẹ́, bí kò bá sí orúkọ rárá, a kò ní ka nǹkan kan.

Kíkà láti ení, kíkà láti òdo

Nọ́ńbà Yorùbá ń pààrọ̀ ìrísí bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti yàtọ̀. Mẹ́ta ni iye, ìkẹta ni ipò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìgbà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni gbogbo wọn láìku ọ̀kan, mẹ́ta-mẹ́ta ni pípín. Ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ nílò gbogbo wọn. Kí ó sì ṣọ́ra fún tún: “ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta” jẹ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n “tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta” lè di mẹ́rin, nítorí a ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí a tó máa tún un ṣe.

Kíkà ọjọ́ ló ní ọ̀fìn jù. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìjẹta ni ọjọ́ tó ṣáájú àná, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ta ló wà nínú rẹ̀, torí pé òní ni wọ́n fi ṣe ení. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ kẹrin sí ara wọn ni ó ń bọ́ sí bí a bá kà á bí ẹ̀rọ ṣe ń kà. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ ni wọn yóò sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ náà sì ni Ajé tó tẹ̀ lé e. Ètò tó bá fi 8 kún ọjọ́ ìbí yóò pe àwọn ẹbí jọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ìkómọ ti kọjá. 7 ló yẹ kó fi kún un.

Nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò, Python, C àti JavaScript máa ń fún ohun àkọ́kọ́ nínú àtòkọ ní nọ́ńbà 0, Fortran àti Lua sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1. Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Netherlands, kọ àlàyé kúkúrú ní 1982 láti fi gbe ìbẹ̀rẹ̀ láti òdo lẹ́yìn. Bí ọjọ́ ìbí bá wà ní ipò òdo, ìkómọ á bọ́ sí ipò keje, ìṣirò á sì gún. Nínú àlàyé, “ẹni àkọ́kọ́” ni kí a pe ẹni tó ṣáájú, kí a sì fi “ipò òdo” pe nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó bá ní “ìkíní” láìṣàlàyé ti fi òǹkàwé sí àárín 0 àti 1.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń pa àmì mọ́

Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín kọ, kọ́ àti kọ̀, orí àmì ló dúró lé. Ètò tí kò bá mọ bí àmì Yorùbá ṣe rí nínú ẹ̀rọ yóò ba èyí jẹ́. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, á àti à náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. A ní láti kọ ọ, kí a wá fi àmì ohùn tẹ̀ lé e bí ohun ọ̀tọ̀. A sì tún lè kọ o, kí a fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, kí a tó fi àmì ohùn sí i.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Lẹ́tà mẹ́ta ni ojú rí nínú “ọ̀rọ̀”. Bí a bá ní kí Python ka gígùn rẹ̀, yóò dáhùn pé 5 bí wọ́n bá kọ ọ́ lọ́nà àkọ́kọ́, 7 bí wọ́n bá kọ ọ́ lọ́nà kejì. Méjèèjì rí bákan náà lójú ẹ̀rọ, síbẹ̀ bí a bá bi ètò náà bóyá ọ̀kan ni wọ́n, yóò ní rárá. Bí ẹnì kan bá fi orúkọ sílẹ̀ lórí fóònù, tó wá tún un tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó lè gbọ́ pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Títò àti wíwá náà ní òfin tiwọn. Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, gb jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì ń tẹ̀ lé g. Nítorí náà gún ló ń ṣáájú gbà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, bí ètò tó ń lo òfin Òyìnbó tilẹ̀ ń fi gbà ṣáájú. Níbi wíwá ọ̀rọ̀, ètò tó bá bọ́ gbogbo àmì kúrò yóò sọ owó, òwò, ọwọ́, ọwọ̀, ọ̀wọ̀ àti ọ̀wọ́ di ohun kan náà. Èyí tó bá sì ń fi dandan béèrè àmì yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí bọ́tìnnì fóònù rẹ̀ kò ní àmì.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó ń kọ ètò fún ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe. Kí ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìrísí kan náà kí ó tó fi wọ́n wéra. Kí ó fi gbogbo àmì sílẹ̀ nínú ohun tó bá ń pa mọ́. Kí ó jẹ́ pé níbi wíwá nìkan ni yóò ti lè gbójú fo àmì, kó sì to èyí tí àmì rẹ̀ bá ti ẹni tó ń wá a mu ṣáájú àwọn yòókù.